Láti inú àpótí dé ojú fóònù: bí a ṣe ń fi ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn Júù han aráyé

Ní àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké ilẹ̀ Jámánì àtijọ́, tí ìdílé Júù bá bí ọmọkùnrin, ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n ń kọ ọ́ nílà. Aṣọ funfun tí wọ́n fi wé ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn kì í di àkísà. Ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ìyá rẹ̀ á fọ̀ ọ́, á gé e sí ọ̀nà mẹ́rin gbọọrọ, á sì rán wọn mọ́ra títí yóò fi di ọ̀já kan tó gùn tó nǹkan bíi mítà mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni yóò fi abẹ́rẹ́ àti òwú aláràbarà kọ orúkọ ọmọ, orúkọ bàbá rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bí i, àti àdúrà pé kí ó dàgbà dé inú Tórà (ìwé Òfin Mósè), dé abẹ́ ìbòrí ìgbéyàwó, dé ìdí iṣẹ́ rere. Tí ọmọ bá ti tó í gbé lọ sí sínágọ́gù, wọ́n á mú ọ̀já náà dání lọ, òun ni wọ́n á sì máa fi di ìwé Òfin Mósè tí a ká jọ. Wimpel ni wọ́n ń pè é.

Irú ọ̀já yìí pọ̀ nínú àpótí mùsíọ́ọ̀mù àwọn Júù káàkiri ayé. Òmíràn wà nínú wọn tó jẹ́ pé sínágọ́gù tí wọ́n gbé e lọ ti jóná, ìjọ tó ni ín ti parun, ọmọ tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i kò sì ní ibojì tí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ẹni tó ń gbé irú ohun bẹ́ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ dídá orúkọ padà ló ń ṣe. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí, orí rẹ̀ ni mo gbé e kà. Bí wọ́n bá gbé àpótí bẹ́ẹ̀ lé yín lọ́wọ́ ní ilé ìkàwé, ní mùsíọ́ọ̀mù tàbí ní yunifásítì, ẹ jẹ́ kí a jọ tẹ̀lé ọ̀já kan ṣoṣo láti inú àpótí títí dé ojú fóònù. Níbi tí ọ̀rọ̀ ife fàdákà tàbí ti ìwé bá ti yàtọ̀, màá sọ ọ́.

1. Ẹ wádìí bí nǹkan náà ṣe dé ọwọ́ yín

Kí ẹ tó gbé kámẹ́rà, ẹ wá gbogbo ìwé tó bá nǹkan náà dé: ìwé ìgbàwọlé, lẹ́tà ẹni tó fi ta ilé yín lọ́rẹ, rìsíìtì, nọ́ńbà àtijọ́ tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, ìbéèrè náà wúwo púpọ̀. Láàárín 1933 sí 1945, ìjọba Násì àti àwọn tó bá a lọ́wọ́ kó ẹrù àwọn Júù kárí Yúróòpù, wọ́n sì pa nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́fà Júù.

Ẹ wo mùsíọ́ọ̀mù àwọn Júù ní Prague, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1906. Láti 1942, nígbà tí ìlú náà wà lábẹ́ àwọn Násì, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ohun èlò sínágọ́gù jọ sí láti àwọn ìjọ Júù Bohemia àti Moravia (ilẹ̀ Czech òní) tí wọ́n ti kó àwọn èèyàn wọn lọ. Àwọn onímọ̀ tó jẹ́ Júù ni wọ́n fi sídìí kíkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú káàdì, nígbà tó sì yá, wọ́n kó púpọ̀ nínú àwọn náà lọ sí àgọ́ tí wọ́n ti pa wọ́n. Ìjọba Kọ́múníìsì gba mùsíọ́ọ̀mù náà ní 1950. Ó di 1994 kó tó padà sọ́wọ́ ìjọ Júù. Ohun tó wà níbẹ̀ tó 40,000. Bí ẹnì kan bá gbé ọ̀já kan jáde láti inú irú àkójọ yẹn, tó wá kọ “Ọ̀já Tórà, Bohemia, ọ̀rúndún 19” sí abẹ́ rẹ̀ tó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ti gé ìtàn náà lórí. Káàdì yẹn gan-an, pẹ̀lú ìkọ̀wé ẹni tó kọ ọ́, ó yẹ kó wà lójú ìkànnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀já náà.

Ti Danzig (Gdańsk ní Pólàǹdì lónìí) gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1939, àwọn Júù ìlú náà rí ibi tí ayé ń lọ, wọ́n di ohun èlò sínágọ́gù wọn, wọ́n sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí New York fún ìtọ́jú. Àdéhùn wọn ni pé bí ọdún 15 bá pé, tí kò sí Júù tó wà lómìnira àti láìléwu ní Danzig, kí àkójọ náà dúró sí Amẹ́ríkà fún ẹ̀kọ́ aráyé. Ọwọ́ Jewish Museum ti New York ló wà. Mi ò tíì rí àdéhùn tó dùn mí tó ìyẹn.

Ẹ wá yẹ ara nǹkan náà wò dáadáa. Lára fàdákà, ẹ wá àmì irin kékeré tó ní lẹ́tà JCR. Àjọ Jewish Cultural Reconstruction, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947, ló ń fi àmì yìí sí ara ohun tí kò ní arólé mọ́ kí ó tó pín in fún àwọn mùsíọ́ọ̀mù. Nínú ìwé, ẹ wá òǹtẹ̀ Offenbach, ìlú Jámánì tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kó ìwé tí àwọn Násì jí jọ sí láti 1946. Ẹ ya fọ́tò àmì àti òǹtẹ̀ wọ̀nyí. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ló ń fò wọ́n nítorí wọn kò lẹ́wà, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni ẹlẹ́rìí.

Bí ẹ kò bá rí ìwé kankan fún àwọn ọdún 1933 sí 1945, ẹ kọ ọ́ síta bẹ́ẹ̀: “A kò tíì mọ ibi tí ọ̀já yìí wà láàárín ọdún wọ̀nyí. Bí ẹ bá mọ̀, ẹ kàn sí wa.” Ìlànà Washington ti 1998, tí orílẹ̀-èdè 44 fọwọ́ sí, bẹ ìjọba àti mùsíọ́ọ̀mù pé kí wọ́n kéde iṣẹ́ ọnà tí àwọn Násì gbà lọ́wọ́ èèyàn tí wọn kò dá padà, kí àwọn tó ni ín tàbí arólé wọn lè rí i. Arólé lè wà ní Buenos Aires tàbí Sydney. Kò sí bó ṣe máa rí ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀ yín àfi lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

2. Ẹ béèrè èèwọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n

Ìwé Tórà tí a ká, tí akọ̀wé fi ọwọ́ kọ sórí awọ, ohun mímọ́ ni. Wọn kì í fi ọwọ́ lásán kan ojú awọ náà. Ọ̀pá kékeré tí orí rẹ̀ rí bí ọwọ́ tó ń tọ́ka, èyí tí wọ́n ń pè ní yad, ni wọ́n fi ń tẹ̀lé ìlà tí wọ́n ń kà. Èyí tó bá bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ńṣe ni wọ́n ń sin ín bí ẹni sin òkú. Ìwé yòówù tí orúkọ Ọlọ́run bá wà nínú rẹ̀ kì í dé ààtàn. Yàrá ìpamọ́ kan wà fún un, tí wọ́n ń pè ní genizah. Inú irú yàrá bẹ́ẹ̀, nínú sínágọ́gù Ben Ezra ní Cairo, ni Solomon Schechter ti kó àjákù ìwé lọ sí Cambridge ní 1896 sí 1897. Iye rẹ̀ tó 193,000, púpọ̀ nínú wọn sì ti ṣe é wò báyìí lójú ìkànnì ilé ìkàwé yunifásítì náà.

Nítorí náà, kí ẹ tó tú ìwé Tórà kan, ẹ pe rábì (olùkọ́ ẹ̀sìn Júù) tàbí àgbà ìjọ tó sún mọ́ yín. Ẹ bi í pé: ṣé a lè tú u? Ta ló yẹ kó dì í mú? Ojú ewé wo ni a lè fi hàn? Ìpè kan ṣoṣo ni, ó sì ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ìtìjú púpọ̀. Ní ti orúkọ Ọlọ́run lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀pọ̀ rábì gbà pé lẹ́tà tó hàn lójú ẹ̀rọ kì í ṣe ohun tí a kọ gbére, pípa á rẹ́ kò sì léèwọ̀. Ti bébà yàtọ̀. Ẹ má ṣe fi àwòrán tí orúkọ náà hàn lára rẹ̀ ṣe ìwé ìpolówó tí àwọn èèyàn máa jù nù lẹ́nu ọ̀nà.

Bí ó bá jẹ́ ìjọ tó ń pa Sábáàtì mọ́ ni ẹ ń bá ṣiṣẹ́, ẹ má ṣètò kí ohunkóhun jáde láti ìgbà tí oòrùn bá ń wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì títí ilẹ̀ yóò fi ṣú ní Àbámẹ́ta. Kálẹ́ńdà ọdún wọn ni kí ẹ gbé sójú tábìlì yín, kí ẹ má baà fi ayọ̀ gbé fọ́tò ife wáìnì jáde ní Yom Kippur tí gbogbo wọn ń gbààwẹ̀.

3. Yíya fọ́tò

Ọ̀já mítà mẹ́ta kò lè wọnú fọ́tò kan kí lẹ́tà ara rẹ̀ tún ṣe é kà. Ẹ tẹ́ bébà funfun tí kò ní ásíìdì sórí tábìlì gígùn, ẹ fọ ọwọ́ yín kí ẹ sì nù ún gbẹ, tàbí kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́ nitrile. Ẹ tú ọ̀já náà díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, ẹ má sì fà á kó lè tọ́. Ẹ gbé kámẹ́rà sórí igi dúró kó dojú kọ tábìlì gbọnrangandan, iná kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, kí àwọn méjèèjì máa wò ó ní ìdábùú. Ẹ má lo fíláàṣì. Nínú fọ́tò àkọ́kọ́, ẹ fi rúlà àti káàdì àwọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ aṣọ, kí ẹni tó wà lókèèrè lè mọ bó ṣe tóbi tó, kó sì mọ̀ bóyá pupa ni òwú náà tàbí àwọ̀ ilẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ máa ya á ní abala-abala láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ìdá kan nínú mẹ́ta abala kọ̀ọ̀kan tún hàn nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ má yí ohunkóhun padà lára kámẹ́rà títí ẹ ó fi parí. Ètò ọ̀fẹ́ bíi Hugin lè so gbogbo rẹ̀ pọ̀ di àwòrán gígùn kan. Ẹ rí i dájú pé àwòrán náà kò dín ní píksẹ́ẹ̀lì 300 sí íǹṣì kan lára aṣọ gan-an.

Fọ́tò mẹ́ta wà tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Èkíní, ẹ̀yìn aṣọ: ìmọ́lẹ̀ kì í dé ibẹ̀ púpọ̀, nítorí náà òwú ẹ̀yìn sábà máa ń ní àwọ̀ tó sún mọ́ ti ọjọ́ tí wọ́n rán an. Èkejì, ojú ìrán tó so ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, nítorí òun ló ń sọ pé aṣọ ọmọ ni ọ̀já yìí kó tó di ti ìwé mímọ́. Ẹ̀kẹta, ẹ pa iná kan, kí ẹ jẹ́ kí èkejì wá láti ẹ̀gbẹ́ nísàlẹ̀. Gbogbo ọnà abẹ́rẹ́ á dìde bí òkìtì kéékèèké, ẹ ó sì rí ibi tí obìnrin náà ti tú u tó sì tún un rán.

Fàdákà ní ìyọnu tirẹ̀, torí ó ń tàn bíi dígí, á sì fi kámẹ́rà àti ojú yín hàn. Ẹ fi aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe àgọ́ yí i ká, kí iná máa gba ara aṣọ náà kọjá. Ẹ má dán an kí ẹ tó ya á. Dídán máa ń jẹ àmì alágbẹ̀dẹ àti orúkọ tí wọ́n fín sí i. Bí fóònù nìkan lẹ bá ní, ó ṣiṣẹ́ bí ẹ bá gbé e sórí igi dúró létí fèrèsé tí oòrùn kò wọlé tààrà.

Ẹ tọ́jú fáìlì àkọ́kọ́ ní TIFF, irú fáìlì àwòrán ńlá fún ìpamọ́, kí ẹ ṣe ẹ̀dà JPEG tó fúyẹ́ fún ìkànnì, kí orúkọ fáìlì sì jẹ́ nọ́ńbà àkọsílẹ̀ nǹkan náà àti nọ́ńbà abala rẹ̀. Fáìlì tó ń jẹ́ “ọ̀já tuntun gidi 2” yóò sọnù láàárín ọdún kan.

4. Kíkọ àkọsílẹ̀

Ibí ni iṣẹ́ náà wà gan-an. Fọ́tò tí kò ní àkọsílẹ̀ tó péye, kò sí ẹni tó máa rí i, nítorí ọ̀rọ̀ ni àwọn èèyàn ń tẹ̀ sínú àpótí ìwádìí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà. Èdè Hébérù kì í sábà kọ fáwẹ̀lì. Kọ́ńsónáǹtì ni ojú ń rí, ọpọlọ ló ń fi ìyókù sí i. Àwa tí a ń ka “igba” nínú ìwé ìròyìn tí kò ní àmì, tí a sì ń fi òye mọ̀ bóyá igbá ni tàbí ìgbà tàbí igba, mọ bí ìyẹn ṣe rí. Láti ọ̀tún sí òsì ni wọ́n ń kọ ọ́. Bí ẹ bá da lẹ́tà Hébérù pọ̀ mọ́ nọ́ńbà nínú ìlà kan, kọ̀ǹpútà lè tò wọ́n sódì. Ẹ fún Hébérù ní ìlà tirẹ̀, kí ẹ sọ fún ìkànnì pé láti ọ̀tún ni ìlà yẹn ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì lo Unicode, ìlànà tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ lẹ́tà oríṣiríṣi èdè. Ẹni tó bá ti rí lẹ́tà “ẹ” àti “ọ” tó di àpótí ṣófo lójú fóònù kò nílò àlàyé.

Pé lẹ́tà jẹ́ ti Hébérù kò ní kí èdè jẹ́ Hébérù. Lẹ́tà yẹn ni wọ́n fi ń kọ Yiddish, èdè àwọn Júù ìlà-oòrùn Yúróòpù, òun ni wọ́n fi kọ Ladino, èdè àwọn Júù tó ti Sípéènì wá, gẹ́gẹ́ bí àwọn ààfáà wa ṣe fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá. Bí ẹni tó ń ṣe àkọsílẹ̀ kò bá mọ̀, á kọ “Hébérù” sí ara lẹ́tà ìfẹ́ tí wọ́n kọ ní Yiddish, ẹni tó ń wá Yiddish kò sì ní rí i láé. Ẹ wá ẹni tó lè kà á. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ̀rọ ìtúmọ̀ nìkan lẹ máa gbára lé.

Ìlà mẹ́ta ni kí ẹ kọ fún ohun tó wà lára ọ̀já: bó ṣe wà gan-an pẹ̀lú àṣìkọ rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pè é ní lẹ́tà ABD, àti ìtumọ̀ rẹ̀. Ní ti orúkọ, ẹ rántí pé ọmọ Júù ilẹ̀ Jámánì máa ń ní orúkọ méjì. Moshe ọmọ Yitzhak lórí ọ̀já lè jẹ́ Moritz tàbí Moses nínú ìwé ìjọba, bí Àjàní ṣe ń jẹ́ Samuel ní ilé ìwé. Ẹ kọ èyí tó wà lára aṣọ, kí ẹ sì fi orúkọ ìjọba kún un nígbà tí ẹ bá rí ẹ̀rí rẹ̀ nínú ìwé ìbí.

Ọjọ́ ìbí nílò ìṣirò. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń kọ ọdún, wọ́n sì sábà máa ń yọ ẹgbẹ̀rún márùn-ún kúrò níwájú rẹ̀. Ká ní ẹ rí tav, qof, tsadi àti he lára ọ̀já yín: 400, 100, 90 àti 5, àpapọ̀ rẹ̀ 595, ìyẹn ọdún 5595. Ẹ fi 1240 kún 595, ẹ ó rí 1835. Àmọ́ ìgbà ìwọ́wé ni ọdún wọn ń bẹ̀rẹ̀, ní September tàbí October. Bí oṣù tó wà níbẹ̀ bá jẹ́ Sivan (nǹkan bíi May sí June), ó bọ́ sí 1835. Bó bá jẹ́ Kislev (nǹkan bíi November sí December) ti ọdún yẹn, 1834 ni. Ìrọ̀lẹ́ sì ni ọjọ́ wọn ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ọmọ tí wọ́n bí ní alẹ́ Ajé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n kọ fún un. Ẹ kọ ọjọ́ Júù, ẹ kọ ti wa sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ má sì pa ọ̀kan rẹ́ nítorí èkejì.

Orúkọ ìlú náà ń yí padà bí ìjọba ṣe ń yí. Vilne ni àwọn Júù ń pè é ní Yiddish, Wilno ni lẹ́nu àwọn ará Pólàǹdì, Vilnius ló ń jẹ́ báyìí. Lemberg, Lwów àti Lviv, ìlú kan náà ni. Gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ kọ, nítorí ọmọ-ọmọ tó ń wá ìlú bàbá àgbà rẹ̀, èyí tó gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ ló máa tẹ̀.

Ẹ pe nǹkan ní orúkọ tí àwọn tó ni ín ń pè é. Wimpel ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, kí àlàyé tó tẹ̀ lé e. Àwọn tó ṣe Digital Benin, ìkànnì tó kó ohun tó lé ní 5,000 láti ààfin Ọba Benin jọ láti mùsíọ́ọ̀mù 131 ní 2022, ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú èdè Edo, ó sì wú mi lórí. Níbi tí ẹ ó kọ ẹni tó ṣe é, ẹ má kàn kọ “a kò mọ̀ ọ́n”. Orúkọ bàbá nìkan ló wà lára ọ̀já, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ náà bá jẹ́ ti ilé, ẹ kọ pé obìnrin inú ẹbí ló jọ pé ó ṣe é. Ó tọ́ sí i.

Ní ìparí, ẹ wá orúkọ náà nínú àkójọ orúkọ ti Yad Vashem, ilé ìrántí àwọn Júù tí àwọn Násì pa, ní Jerúsálẹ́mù, tó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2004, pàápàá bó bá jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn 1860. Ẹ wá orúkọ, orúkọ bàbá, ìlú àti ọdún ìbí pa pọ̀. Bí ọ̀kan péré bá bára mu, ẹ má tíì so wọ́n pọ̀. Kíkéde pé wọ́n pa ẹni tí wọn kò pa, tàbí gbígbé ikú ẹnì kan lé ẹlòmíràn lórí, ìdílé kan ló máa dùn.

5. Ẹ̀tọ́

Ọ̀já ọdún 1835 kò sí lábẹ́ kópíráìtì mọ́. Ilé ẹjọ́ kan ní New York ti sọ ní 1999 pé fọ́tò tó kàn dà àwòrán àtijọ́ kọ bó ṣe rí kò bí kópíráìtì tuntun, òfin Yúróòpù ti 2019 sì gba ọ̀nà kan náà. Ìmọ̀ràn mi ni kí ẹ fi CC0 sí i, àmì pé ẹnikẹ́ni lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ má gba owó lórí rẹ̀. Fọ́tò àti lẹ́tà ọ̀rúndún 20 yàtọ̀: ẹ wá ẹni tó yà á tàbí tó kọ ọ́, nítorí ní Yúróòpù ẹ̀tọ́ rẹ̀ ń bá a lọ fún ọdún 70 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tó la ìpakúpa àwọn Násì já sì nílò àṣẹ tiwọn tàbí ti ẹbí wọn, kódà bí òfin kò bá béèrè rẹ̀.

6. Ibi tí ẹ ó gbé e sí

Bí ilé yín bá kéré, Omeka jẹ́ ètò ọ̀fẹ́ tó dára fún ìkànnì tiyín. Ẹ má fi mọ níbẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà sí Wikimedia Commons, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tó ń kọ Wikipedia ti ń mú àwòrán. Bí ẹ bá wà ní Yúróòpù, ẹ fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí Europeana, ìkànnì àpapọ̀ fún ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Yúróòpù. Àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọnà Júù ń lo Bezalel Narkiss Index, àkójọ iṣẹ́ ọnà Júù ti Yunifásítì Hébérù ní Jerúsálẹ́mù, ó sì dára kí ẹ kàn sí wọn. Bí ẹ bá lè lo IIIF, ìlànà fífi àwòrán hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lò ó: òun ló ń jẹ́ kí ènìyàn fa àwòrán súnmọ́ ojú títí yóò fi ka ìrán abẹ́rẹ́, tó sì ń jẹ́ kó gbé ọ̀já yín àti ti mùsíọ́ọ̀mù mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Agbára irú àsopọ̀ bẹ́ẹ̀ hàn nínú iṣẹ́ YIVO, ilé ìwádìí nípa èdè Yiddish àti àṣà àwọn Júù. Vilna (Vilnius òní) ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1925. Àwọn Násì kó apá kan ìwé rẹ̀ lọ sí Jámánì. Àwọn Júù tí wọ́n fipá mú ṣiṣẹ́ níbẹ̀, akéwì Abraham Sutzkever lára wọn, fi ẹ̀mí wọn wewu láti fi apá mìíràn pamọ́ sínú ghetto, àdúgbò tí wọ́n há àwọn Júù mọ́. Lẹ́yìn ogun, apá kan dé New York, apá kan wà ní Lithuania. Láàárín 2015 sí 2022 ni wọ́n gbé nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin ojú ewé láti ìhà méjèèjì sórí ìkànnì kan, láìjẹ́ pé bébà kankan kúrò ní ìlú tó wà.

7. Sísọ ìtàn

Ìkànnì àkójọ dúró de ẹni tó bá wá a. Facebook, Instagram àti TikTok ló ń lọ bá èèyàn nílé. Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù ni 1938Projekt ti Leo Baeck Institute, ilé ìwádìí ìtàn àwọn Júù Jámánì: ní gbogbo ọjọ́ 2018, wọ́n gbé ìwé kan jáde tó jẹ mọ́ ọjọ́ yẹn gan-an ní 80 ọdún sẹ́yìn, lẹ́tà, fọ́tò tàbí ìwé àṣẹ ìrìnnà. Òǹkàwé ń tẹ̀lé ọdún náà bí àwọn tó wà nínú rẹ̀ ṣe tẹ̀lé e, láìmọ ohun tí ọ̀la máa mú wá. Ohun kan lójoojúmọ́, ènìyàn kan, gbólóhùn díẹ̀. Ọ̀já yín lè jáde bẹ́ẹ̀ náà: lọ́jọ́ kan orúkọ, lọ́jọ́ kejì àdúrà, lọ́jọ́ kẹta ojú ìrán mẹ́rin.

Ẹ fi ayé àwọn èèyàn náà hàn, kó má jẹ́ ikú wọn nìkan. Ẹni tó mọ àwọn Júù láti inú fọ́tò àgọ́ ikú nìkan kò tíì mọ̀ wọ́n. Ife ìyàsímímọ́ wáìnì, ìwé àdéhùn ìgbéyàwó tí wọ́n ya òdòdó sí, ìlù ọmọdé: àwọn yẹn ni kó pọ̀ jù.

Bí ẹ bá fẹ́ lo fọ́tò ọdún ogun, ẹ kọ ẹni tó yà á. Fọ́tò ọmọkùnrin tó gbé ọwọ́ sókè ní ghetto Warsaw wá láti inú ìròyìn tí Jürgen Stroop, ọ̀gá nínú SS (ẹgbẹ́ ológun àwọn Násì), kó jọ ní 1943 láti fi iṣẹ́ ibi rẹ̀ yangàn. Àwọn SS náà ló ya àwọn fọ́tò inú Auschwitz Album, ìwé fọ́tò láti àgọ́ ikú Auschwitz, ní 1944. Lili Jacob, tó là á já, ló rí i, tó rí àwọn ẹbí rẹ̀ nínú rẹ̀, tó sì fún Yad Vashem ní 1980. Bí a kò bá sọ èyí, ojú apààyàn la fi ń wo ẹni tí wọ́n pa láìmọ̀.

Ẹ má fi ẹ̀rọ AI mú kí òkú máa rẹ́rìn-ín tàbí sọ̀rọ̀, ẹ má sì fi ṣe ojú fún ẹni tí kò ní fọ́tò. Ní 2025, ilé ìrántí Auschwitz kìlọ̀ nípa àwọn ojú ìwé Facebook tó ń fi AI dá àwòrán àwọn tí wọ́n pa nínú àgọ́ náà. Níwájú àwọn tó ń sọ pé ìpakúpa náà kò ṣẹlẹ̀ rárá, àwòrán irọ́ kan lè ba ẹgbẹ̀rún òótọ́ jẹ́.

8. Gbígbọ́ ohùn àwọn tó ń wò ó

Ẹ fi bọ́tìnì “Mo mọ nǹkan nípa èyí” sí abẹ́ ohun kọ̀ọ̀kan, kí ó lọ tààrà sọ́dọ̀ ẹnì kan tó máa dáhùn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí àtúnṣe bá wọlé, ẹ béèrè ẹ̀rí, ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ tún un ṣe. Bí ìdílé bá sọ pé àwọn ló ni ín, ẹ má jiyàn lórí ìkànnì. Ọ̀rọ̀ yẹn di ti ọ̀gá ilé àti agbẹjọ́rò, ìdáhùn àkọ́kọ́ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọ̀wọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìkórìíra yóò wá, kò sí àní-àní. Ẹ kọ ìlànà yín sílẹ̀ kí ẹ tó gbé ohun àkọ́kọ́ jáde: èyí tí ẹ máa pa rẹ́, ẹni tí ẹ máa tì síta, èyí tí ẹ máa fi tó ọlọ́pàá létí. Ẹ ṣètò kí ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn bá kọ sí abẹ́ àwòrán máa dúró títí ẹnì kan lára yín yóò fi kà á kí ó tó hàn síta. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kan ṣoṣo máa ka èébú náà lójoojúmọ́. Kí ó máa yí láàárín ẹni mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ má sì kọ àdírẹ́sì ilé ẹnikẹ́ni tàbí ti sínágọ́gù kékeré tí kò ní ẹ̀ṣọ́ sínú àkọsílẹ̀ tó jáde síta.

9. Ìpamọ́

Ní 2023, Jewish Museum ti London, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1932, ti ilé rẹ̀ ní Camden, wọ́n sì kó àkójọ rẹ̀ lọ sí ìpamọ́. Ohun tí wọ́n ti gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì kò nílò ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ìkànnì náà lè kú bí kò bá sí ẹni tó ń san owó rẹ̀.

Ẹ ní ẹ̀dà mẹ́ta gbogbo fáìlì TIFF àti àkọsílẹ̀: ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà ilé, ọ̀kan lórí dírááfù tó wà ní ilé mìíràn, ọ̀kan ní ìlú mìíràn tàbí lórí kíláòdù. Ẹ gbé àkọsílẹ̀ jáde ní CSV, àtẹ ọ̀rọ̀ lásán, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí ó lè ṣí láìsí ètò pàtàkì kankan. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ mú fáìlì mẹ́wàá láti inú ẹ̀dà kẹta, ẹ ṣí wọn, kí ẹ fà wọ́n súnmọ́ ojú, kí ẹ rí i pé Moshe ọmọ Yitzhak ṣì ṣe é kà láti ọ̀tún sí òsì.